Ilé bàbá wa ní Àṣẹ́rò tí a fẹ́ tà: kí ni ká kọ́kọ́ tún ṣe?

Ọmọ_Àṣẹ́rò (Sátidé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Bọ́ńgálò kan la fẹ́ tà ní Àṣẹ́rò, Abẹ́òkúta. Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ kan, púlọ́ọ̀tì kan (60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà). 1994 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Bàbá ti di olóògbé, àwa ọmọ márùn-ún sì ti fẹnu kò pé ká tà á ká pín owó.

Bí ilé ṣe rí nìyí. Ìsàlẹ̀ ògiri yàrá méjì tó kọjú sí ẹ̀yìn ń ṣí, ọ̀dà ń já bí èèpo, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ lára rẹ̀ dé orúnkún. Ògiri sán ní igun òsì, láti abẹ́ fèrèsé dé ilẹ̀. Sílíìnì pálọ̀ ní àbàwọ́n omi tó pọ́n bíi tíì. Kànga wà, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ ní oṣù kejì. Ayálégbé kan ṣoṣo ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Látìgbà ayé bàbá ni wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ńsì pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Mílíọ̀nù méjì náírà la rí kó jọ fún àtúnṣe. Ibo ni ká ná an sí, ibo ni ká má fọwọ́ kàn?

Éjẹ́ǹtì_Kútọ̀ (Sátidé, 7:15 àárọ̀)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé o. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ni owó ń tẹ̀ lé. Ẹ ro koríko, ẹ fọ fẹ́ńsì, ẹ kun iwájú ilé, ẹ kun géètì. Ìsàlẹ̀ ògiri yẹn, ẹ lẹ táìsì mọ́ ọn dé ìbàdí, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Èyí tó sán, ẹ fi POP (lẹ́ẹ̀ funfun tí wọ́n fi ń ṣe sílíìnì) dí i kẹ́ ẹ kun ọ̀dà lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ti di tuntun.

Bíríkìlà_Ọbáńtokò (Sátidé, 8:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Éjẹ́ǹtì, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó ń gun ògiri kì í tán torí pé a fi táìsì bò ó lójú. Ibi tó ń gbà jáde lẹ dí, yóò kàn máa gùn lọ sókè ni. Ògiri tó tutù dé orúnkún báyìí, kí ọdún tó yí po, ó ti tutù dé ìdí súìṣì iná. Táìsì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ kàn án lára á gbọ́ pé inú rẹ̀ ṣófo.

Ohun tó ń fà á nìyí: nígbà tí wọ́n ń da ilẹ̀ ilé, wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré, wọn ò sì fi ohunkóhun pààlà láàárín búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù ògiri. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo ni búlọ́ọ̀kù ṣe ń fa omi. Bí omi bá dé ojú ògiri, á gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń ti ọ̀dà jáde.

Ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn yàrá méjèèjì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ti inú lọ, torí erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé wá lọ́dọọdún. Ẹ kó o kúrò títí ilẹ̀ ìta yóò fi rẹlẹ̀ ju ti inú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán. Ẹ wá da kọnkéré yí ẹsẹ̀ ògiri ká: fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90, nínípọn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10. Kó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé, kí mítà kan fi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta rẹlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì páànù kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Bí omi òrùlé bá ń já sí ẹsẹ̀ ògiri tààrà, ẹ wá ọ̀nà gbé e kọjá kọnkéré yẹn.

Nínú, ẹ fi ṣísù àti òòlù ha ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kúrò títí dé búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ sì kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá iyọ̀ náà kúrò ní gbígbẹ. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ rárá, omi á tún yọ́ iyọ̀ náà padà sínú búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ wá rẹ́ ẹ padà: sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin, pẹ̀lú oògùn adènà omi tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n rẹ́ ẹ, mílímítà 10 sí 12 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má gbà kí wọ́n lo yanrìn tí wọ́n gbọ́n nínú gọ́tà, amọ̀ àti iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín: èyí kò lé omi náà lọ pátápátá, ó ń dín in kù ni. Àmọ́ ó ṣeé fi han ẹni tó fẹ́ rà.

Ìyá_Ìbejì_Pańṣẹ́kẹ́ (Sátidé, 8:30 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bíríkìlà. Òjò ti ń ṣú o. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ, ṣé kò ní bọ́ sí àárín òjò? Ẹ̀yin kan máa ń fi sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́fà rẹ́ ilé, ó sì máa ń dúró.

Bíríkìlà_Ọbáńtokò (Sátidé, 8:47 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, kan sí mẹ́fà dára fún inú ilé níbi tó gbẹ. Níbi tí iyọ̀ ti ń jà, kò lágbára tó. Ní ti òjò, bó bá ti wọlé, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìta parí, kí wọ́n ha ti inú, kí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀. Kí olùrà rí búlọ́ọ̀kù tó ń gbẹ sàn ju kó rí ọ̀dà tuntun tó ti ń wú. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ kò tó gbẹ ògiri.

Ẹnjiníà_Ìdí-Aba (Sátidé, 10:11 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ ká dé orí èyí tó sán, torí òun ló lè gé owó ilé yín jù. Wàhálà ẹrẹ̀ ni ti Èkó. Tiwa níbí, òkúta ni. Lórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àpáta lè yọrí ní igun kan kó jẹ́ pé erùpẹ̀ tí wọ́n rọ́ dí kòtò ló wà ní igun kejì. Bí apá kan ìpìlẹ̀ bá jókòó lórí àpáta, tí apá kejì jókòó lórí erùpẹ̀ tí wọ́n kó dà síbẹ̀, apá orí erùpẹ̀ á máa rì díẹ̀díẹ̀, èyí tó wà lórí àpáta kò ní mira. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ògiri ti máa ń sán.

Ìlà ibi tó sán náà fúnra rẹ̀ á sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa. Bó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ilé ló ń rì. Bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, àárín ló ń rì. Bó bá jẹ́ igun òkè fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀ tó sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sókè, líńtẹ̀lì (kọnkéré tó dábùú orí fèrèsé) ló kúrú. Ó yẹ kí líńtẹ̀lì wọ inú ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 22 ló tiẹ̀ dára.

Èyí tí kò tó mílímítà kan, ọ̀rọ̀ rírẹ́ ògiri ni, ẹ má da ara yín láàmú. Mílímítà kan dé márùn-ún, ẹ ṣọ́ ọ. Kọjá ìyẹn, ẹ pe ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà) kó kọ ìwé lé e lórí. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣọ́ ọ: ẹ lẹ sìmẹ́ǹtì pípò tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ mọ́ orí ìlà náà ní ibi méjì, kó má nípọn ju mílímítà márùn-ún lọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá là lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí òjò sì wà nínú oṣù mẹ́ta náà, ìrìn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Ìgbà yẹn lẹ ó tó tún un ṣe. Ẹ la ẹnu rẹ̀ bíi lẹ́tà V, ẹ gbá eruku kúrò. Lẹ́yìn ìpele búlọ́ọ̀kù méjì méjì, ẹ gbẹ́ ojú àárín búlọ́ọ̀kù, ẹ tẹ́ irin mílímítà 10 tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí i, kó na ọwọ́ dọ́gba sí ìhà méjèèjì ìlà náà, kẹ́ ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì tó le rì í mọ́lẹ̀. Ẹ kan àwọ̀n irin tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 lé gbogbo gígùn rẹ̀, ẹ tó wá rẹ́ ẹ. POP kò mọ ohun tí ń jẹ́ títẹ̀. Bí ilé bá mira bí irun orí lásán, á tún là níbi tẹ́ ẹ ti dí i gan-an.

Bíríkìlà_Ọbáńtokò (Sátidé, 10:20 àárọ̀)

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ògiri tó bá lanu, aláǹgbá á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n níbi ká ta ilé, olùrà ló ń ṣáájú aláǹgbá wọlé, tó ń bá wọn dúnàá-dúrà láti ibẹ̀.

Amòfin_Ìbarà (Sátidé, 12:35 ọ̀sán)

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dára, àmọ́ bí ìwé kò bá pé, ẹ kàn ń ra sìmẹ́ǹtì ni.

Ṣé bàbá kọ ìwé ìhágún? Bí kò bá kọ ọ́, ìfẹnukò ẹ̀yin ọmọ kò tíì tó ohun tí ẹ lè fi ta ilé. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga kẹ́ ẹ gba Letters of Administration, ìwé ogún tó ń fúnni láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé. Ìwé-ẹ̀rí ikú, àkójọ ohun ìní tó fi sílẹ̀, fọ́tò àti onídùúró wà lára ohun tí wọ́n á béèrè. Wọ́n á kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á fi ọjọ́ 21 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtakò. Orúkọ ẹni mẹ́rin ló máa ń pọ̀ jù nínú ìwé náà. Márùn-ún lẹ jẹ́, ẹnì kan á yọ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ ṣe ìwé ìfohùnṣọ̀kan tí òun náà á buwọ́ lù. Oṣù ló ń gbà o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí bíríkìlà máa bá tirẹ̀ lọ.

Bí ìyàwó bàbá bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ sọ ọ́ síta látìbẹ̀rẹ̀. Ì báà jẹ́ ìdí-igi (iye ìyàwó) lẹ fẹ́ fi pín in, ì báà jẹ́ orí-ò-jorí (iye ọmọ), ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ wà tí kò gbọ́ nípa títà náà. Ilé tí olórí ẹbí dá tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Èyí tí àwọn ọmọ ẹbí tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀.

Nípa C of O (ìwé-ẹ̀rí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí): bó bá wà, títà rẹ̀ kò pé láìsí ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá ti sanwó sí Home Owners Charter (ètò ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn láti fún onílé ní ìwé ilẹ̀) nígbà tí Amósùn jẹ́ gómìnà, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀ nínú àpótí kẹ́ ẹ mọ ibi tí ìwé dé. Bó bá jẹ́ pé rìsíìtì àti ìwé àdéhùn tí onílẹ̀ fún un nìkan ló wà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún olùrà. Ẹ wá ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ àti rìsíìtì owó ilẹ̀ mọ́ ọn. Kí amòfin ló kọ ìwé títà. Èyí tí éjẹ́ǹtì tẹ̀ jáde ní ilé kọ̀ǹpútà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní Òkè-Mósàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà.

Ayálégbé ẹ̀yìn: bó bá ń san owó lọ́dọọdún, tí kò sí ìwé àdéhùn tó sọ ohun mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni. Bó bá jẹ́ olóṣooṣù, oṣù kan. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ìwé ọlọ́jọ́ méje ló kàn kẹ́ ẹ tó lọ sílé-ẹjọ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ páànù lórí ẹni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ já iná rẹ̀. Bí olùrà bá gbà á mọ́lé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ tán.

Awọnlẹ̀_Òkè-Mósàn (Sátidé, 1:50 ọ̀sán)

Amòfin, mo kí yín. Mi ò gbà pé ìwé ogún ni kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán ilẹ̀ lọ yẹ̀ wò lórí máàpù ìjọba. Owó rẹ̀ kéré sí ti ìwé ogún, bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ náà ti bọ́ sínú èyí tí ìjọba gbà, gbogbo ìṣirò yí padà.

Ẹ ní 60 sí 120. Ta ló wọ̀n ọ́n? Bó bá pé, ó yẹ kó jẹ́ bíi mítà 18.3 sí 36.6, ìyẹn bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Bí ìwé bá sọ 610, 610 lẹ ń tà. Ẹ wá òpó awọnlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní igun, ẹ ro koríko ìdí wọn kí nọ́ńbà tó wà lórí wọn hàn. Kí akunlé má fi ọ̀dà bò ó! Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan, ẹ má rì òmíràn fúnra yín. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé-ẹ̀rí ló ń gbìn ín.

Àwòrán àtijọ́ lè má bá èyí tí wọ́n ń lò báyìí mu, torí ibi tí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà rẹ̀ lè yàtọ̀. Wọ́n ní láti yí i padà kí wọ́n tó fi sórí máàpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé yín lè bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn nínú ìwé. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀dà rẹ̀ tó yẹ kó wà ní ọ́fíìsì Surveyor-General wà níbẹ̀. Bí fẹ́ńsì yín bá wọ ilẹ̀ aládùúgbò, kódà bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó wá wo ilé.

Amòfin_Ìbarà (Sátidé, 2:05 ọ̀sán)

Mo gbà. Máàpù lákọ̀ọ́kọ́, ìwé ogún lẹ́yìn rẹ̀.

Akunlé_Ìtòkú (Sátidé, 3:20 ọ̀sán)

Ọ̀dà pupa ara fẹ́ńsì ni mo fẹ́ dá lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi ẹ́músọ̀n funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, pupa yẹn á sì tún máa yọjú, bíi pé ilé ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Ẹ fi sáńpépà 80 ha á, ẹ nu eruku, ẹ kun ọ̀dà olóròóró funfun tí kì í dán lé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà ni ẹ́músọ̀n. Bákan náà ni àbàwọ́n sílíìnì: ẹ́músọ̀n olómi á yọ́ ọ, á fà á jáde. Ọ̀dà olóròóró ló ń tì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gun òkè lọ wá ibi tí òrùlé ti ń jò. Ojú ìṣó tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ ṣóńṣó òrùlé, lẹ́yìn rẹ̀ ibi tí páànù ti gorí ara wọn.

Ìwọ̀n ọ̀dà: yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó ga tó mítà mẹ́ta, ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà onígun mẹ́rin 40 bẹ́ ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Lítà kan ń kun bíi 10 lórí ògiri tó jọ̀lọ̀, 7 tàbí 8 lórí èyí tí kò jọ̀lọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì kíkùn, lítà 8 sí 11 nìyẹn. Ike lítà 20 kan á tó yàrá méjì. Fún ilé yín, ike mẹ́ta sí mẹ́rin fún inú. Àwọ̀ mílíìkì kan náà ní gbogbo yàrá, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù lè wúlò. Ẹ má fi omi là á kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ògiri tí Bíríkìlà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sìmẹ́ǹtì tútù á jẹ ọ̀dà náà.

Ìyá_Ìbejì_Pańṣẹ́kẹ́ (Sátidé, 3:41 ọ̀sán)

Ẹ má tíì pa ọ̀rọ̀ ara fẹ́ńsì yẹn rẹ́ o! Òun ló ń lé àwọn onígbájú-ẹ̀ tó ń ta ilé onílé. Ó di ọjọ́ tí gbogbo ọmọ bá buwọ́ lùwé.

Éjẹ́ǹtì_Kútọ̀ (Sátidé, 3:55 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, olùrà wo ló máa wọ ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lójú pé kì í ṣe títà?

Amòfin_Ìbarà (Sátidé, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì jàre. Ẹ fi sílẹ̀ títí ìwé ogún yóò fi jáde. Ẹ wá pa á rẹ́ kí àwọn olùrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ọmọ_Àṣẹ́rò (Sátidé, 7:30 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan wà tí mi ò sọ: iwájú ilé, lápá ọ̀tún géètì, ni sàréè bàbá wà. Wọ́n fi táìsì bò ó. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ká fọ́ táìsì rẹ̀ ká gbin òdòdó sí i, pé olùrà kò ní mọ̀.

Éjẹ́ǹtì_Kútọ̀ (Sátidé, 7:38 alẹ́)

Ẹ hú u lóru kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilẹ̀ ẹbí. Wọ́n ń ṣe é.

Amòfin_Ìbarà (Sátidé, 8:00 alẹ́)

Éjẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ irú èyí síbi tí gbogbo ayé ti ń kà á. A kì í hú òkú láìgba àṣẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kéèyàn fọwọ́ kan òkú lọ́nà tí kò tọ́. Òdòdó gbígbìn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ tí olùrà bá gbẹ́ ilẹ̀ fún sókàwéè ló máa bá egungun pàdé, yóò sì ní ẹ fi ẹ̀tàn gba owó òun.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè gba àṣẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ sí itẹ́ òkú tàbí ilẹ̀ ẹbí, pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo ọmọ àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ lè gé ibẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ ń tà, kí awọnlẹ̀ ya á sọ́tọ̀, kí ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà dé ibẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ sì lè sọ fún olùrà kẹ́ ẹ dín owó kù.

Awọnlẹ̀_Òkè-Mósàn (Sátidé, 8:22 alẹ́)

Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ géètì ṣòro láti gé kúrò. Àti sàréè àti ọ̀nà rẹ̀, ẹnu ọ̀nà olùrà gan-an lẹ gbà. Ká ní ẹ̀yìnkùlé ló wà ni, ìbá rọrùn.

Ìyá_Ìbejì_Pańṣẹ́kẹ́ (Sátidé, 8:40 alẹ́)

Ẹ̀yin márààrún ẹ jókòó sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà kankan. Ibi ọ̀rọ̀ sàréè ni ìfẹnukò àwọn ọmọ ti sábà máa ń tú ká, kì í ṣe ibi owó.

Onímọ̀_Kànga (Àìkú, 7:05 àárọ̀)

Ẹ má gbẹ́ bọ́hòólù torí títà. Omi abẹ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta wà níbi tí àpáta ti sán àti níbi tó ti jẹrà. Kì í ṣe ibi gbogbo la ti ń bá a. Ẹ lè gbẹ́ mítà 60 kẹ́ ẹ bá eruku, pàápàá bí wọn ò bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò. Gbogbo mílíọ̀nù méjì yín lè bá a lọ.

Kànga ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Ìgbà tó gbẹ jù, oṣù kejì sí ìkẹta, ni wọ́n ń jìn ín sí i. Kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní mítà kan sí i bí àpáta bá gbà, kí wọ́n ju ríǹgì kọnkéré sí i. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 75, ẹ ṣe ìdérí tó ń tì. Lẹ́yìn náà ẹ fi kílóríìnì fọ̀ ọ́: kílóríìnì oníyẹ̀fun HTH, gíráàmù 75 fún mítà kúbíìkì omi kan. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan tí omi rẹ̀ jìn tó mítà méjì gba bíi gíráàmù 120. Ẹ pò ó nínú báàkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dà á sí i, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹ fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí kílóríìnì wà níbẹ̀.

Ẹ wọn àárín kànga àti sókàwéè. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín wọn, púlọ́ọ̀tì yín sì gùn ní bíi 36 péré. Bí kò bá pé, ẹ sọ fún olùrà kó má mu ún láìsè. Sókàwéè orí àpáta kì í tètè fa omi, nítorí náà ẹ ṣí i wò kí wọ́n tó wá wo ilé. Bó bá ti kún dé ẹnu, ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ ni.

Oníwáyà_Láfẹ́nwá (Àìkú, 9:12 àárọ̀)

Kúkurú ni tèmi. Ẹ lọ sí IBEDC (ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná) kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì jáde, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí mítà. Ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dúdú lẹ́nu. Wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà onígun mẹ́rin 2.5, ti ẹ̀rọ amúlétutù 4, ti gílóòbù 1.5. Bí wọ́n bá fi 1.5 fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ní 1994, ẹ tún un fà. Áàtì (ohun tó ń gbé iná tó ṣìnà wọlẹ̀) ńkọ́? Lórí àpáta, ọ̀pá kì í wọlẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń ri pátákó bàbà sí i pẹ̀lú èédú àti iyọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà, àwọn olè máa ń hú bàbà lọ.

Éjẹ́ǹtì_Kútọ̀ (Àìkú, 1:30 ọ̀sán)

Ó dáa, mo ti gbọ́ ìbáwí, mo sì gbà nípa táìsì, POP àti sàréè. Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi náà. Ẹ má yọ lúfà kẹ́ ẹ fi alumíníọ̀mù sí i. Ẹ má tẹ́ táìsì sí gbogbo ilé. Ẹ má fọwọ́ kan kíṣìnì kọjá fífọ̀ àti ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ẹni tó ń ra ilé 1994, ilẹ̀ àti àdúgbò ló ń rà. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ wó kó tó dé géètì. Ẹsẹ̀ ògiri níta, òrùlé, ìwé: owó tó bá kù ni ti ọ̀dà.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò, fèrèsé ní ṣíṣí, ẹrù bàbá ti kúrò nílẹ̀. Bí òrùlé kò bá jò mọ́, ẹ gba fídíò kan nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Mi ò rí ohun tó ń yá títà bí ìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Láderin, ẹni tó bá wá láti Èkó á wò ó lórí fóònù. Éjẹ́ǹtì méjì tó, ẹ kọ owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Owó ilé, àkáǹtì tí ẹ ṣí ní orúkọ ogún bàbá ni kó wọ̀, kì í ṣe àkáǹtì ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ_Àṣẹ́rò (Àìkú, 5:45 ìrọ̀lẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Bíríkìlà, òótọ́ ni: ilẹ̀ ìta ga ju ti inú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹnjiníà, ìlà náà jẹ́ mílímítà mẹ́rin lókè, kò tó méjì nísàlẹ̀.

Ẹnjiníà_Ìdí-Aba (Àìkú, 6:02 ìrọ̀lẹ́)

Á jẹ́ pé igun yẹn ló ń rì. Kí ló wà ní ìta rẹ̀ gan-an? Táńkì omi, gọ́tà, ibi ìwẹ̀?

Ọmọ_Àṣẹ́rò (Àìkú, 6:09 ìrọ̀lẹ́)

Páìpù ibi ìwẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Ó ti já, omi ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnjiníà_Ìdí-Aba (Àìkú, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ pe púlọ́ńbà lọ́la, kó so ó mọ́ sókàwéè. Ìgbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbẹ ni kẹ́ ẹ tó lẹ sìmẹ́ǹtì mọ́ ìlà yẹn. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí i lára.